Oyin Tí Mo Fi Kan Ọmọ Lẹ́nu

Akíntóyè ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àkúrẹ́? Ṣé ara ìyàwó wa Leah ti ń le, ṣé ọmú ń ṣàn dáadáa? Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ yóò wo ọmọ náà dàgbà. Àwa náà wà ní Oǹdó níbí, gààrí ti wọ́n kọjá sísọ, ṣùgbọ́n a ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ ìkómọ ni mo fi gbé bírò. O ní kí n má wulẹ̀ wá, pé epo ti wọ́n, owó ọkọ̀ ti lọ sókè, pé inú fóònù ni n ó ti rí gbogbo rẹ̀. Mo gbà, torí o kì í parọ́ fún mi. Mo wẹ̀, mo wọ búùbù tí Leah rà fún mi, Agnes ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin sì bá mi di fóònù mú. Bí mo ṣe rí ọmọ yẹn báyìí, omi bọ́ lójú mi. Imú bàbá rẹ tó ti sùn ló gbé wá.

Wọ́n wá ní kí ìyá àgbà ṣàdúrà, kí n sọ ọ́ lórúkọ. Èmi náà ti ṣètò tèmi, mo ti bu oyin sáwo. Ẹnu ọmọ wà níwájú mi gbangba, ó ń yanu bí ọmọ ẹyẹ, ni mo bá fi ìka kan oyin, mo fi tọ́ ọ lẹ́nu. Agnes ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo ní kó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi. Mo fi iyọ̀ sí i, mo bu omi lé e. Ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ṣókùnkùn, n kò tí ì dárúkọ. Mo rò pé iná ló lọ lọ́dọ̀ yín.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tí a gbé e lọ fún, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, fóònù ò lẹ́nu.” Èmi tí mo fojú ara mi rí ẹnu náà!

N kò bínú sí àwọn tó ṣe fóònù, wọ́n gbìyànjú. Wọ́n gbé ojú ọmọ dé Oǹdó, wọ́n gbé igbe rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n òórùn orí rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dùn mí gan-an. Agnes ní kí n jẹ́ kí òun fi fóònù tòun tẹ orúkọ náà ránṣẹ́. Mo kọ̀. Orúkọ tí mo ti ń gbàdúrà sí láti ìgbà tí oyún wà ní oṣù mẹ́ta, n kò lè jù ú sínú ẹ̀rọ kó máa dá wá ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ.

Jọ̀ọ́, má ra fóònù mìíràn. Owó ọkọ̀ ni kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ sí mi, n ó sọ̀ ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbẹ̀, kí o wá mú mi níbẹ̀. Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ, ẹ kò ní í fi ọmọ ṣòfò. Ẹ máa fi orúkọ tiyín pè é ná. Tèmi ṣì wà lẹ́nu mi, Agnes pàápàá kò gbọ́ ọ. Etí ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lórí ẹsẹ̀ mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.