Omi Kò Dúró Lára Sùtánà

Màmá mi, alágbàfọ̀ tó mọ aṣọ funfun-ún tọ́jú,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti lọ kì í ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n ta ni n ó sọ ọ́ fún? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Mo gbá ilé tán, mo tún un gbá. Mo gbé omi kaná, mo gbàgbé ẹ̀, ó gbẹ mọ́ ìkòkò. Ọ̀la ni wọ́n ń retí mi ní Kútọnù kí n wá fọwọ́ sí kọ̀ntírà, ìwé àdéhùn iṣẹ́ mi, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà mí.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní lábò ilé ìwé gíga, tí ẹ máa ń sọ fún gbogbo àdúgbò Tokpota pé ọmọ yín ń lọ ìyẹ̀fun tí ojú ò lè rí? Nánò ni wọ́n ń pè é. Ó kù díẹ̀ kó dọjà, Màmá. Eérú èèpo ìrẹsì la ti ń yọ ọ́, ó kúnná débi pé fọ́nrán irun kan nípọn jù ú lọ fíìfíì. A ó pò ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn, a ó rẹ aṣọ sínú ẹ̀, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ da kọfí sí i, ẹ ta ẹrẹ̀ sí i, yóò yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ máa ṣe é tà, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá àwọn tí yóò lò ó wò.

Ta ni n ó tún mú bí kò ṣe àwọn ará ìjọ yín? Ìjọ aláṣọ funfun, nínú Àjàṣẹ́ tí ilẹ̀ ẹ̀ pupa báyìí! Mo lọ bá wọn ní Djègan-Kpèvi, mo gba ogún sùtánà jọ, mo rẹ gbogbo ẹ̀ látọrùn dé ìsàlẹ̀, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà. Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín lọ́nà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni wọ́n wọ̀ ọ́. Èmi náà lọ, mo dúró lẹ́yìn pátápátá, torí mi ò tíì wọ sùtánà láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Ẹrẹ̀ ta sí wọn láṣọ, kò lẹ̀. Orí mi wú. Ìgbà tó yá, wọ́n kúnlẹ̀, Alàgbà gbé omi àdúrà, ó wọ́n ọn sí wọn léjìká. Yéè! Omi ò dúró. Ó ń yí, ó ń bọ́ sílẹ̀. Alàgbà tún un wọ́n, ó tún bọ́. Ìyá Sámúẹ́lì, ọ̀rẹ́ yín tó máa ń bá yín sá aṣọ, bú sẹ́kún, ó ní kí lòun ṣe tí ìbùkún fi ń kọ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti kó sùtánà wọn wá fún mi, wọ́n ká a dáadáa, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń sè wọ́n nínú omi ọṣẹ kí oògùn náà lè kúrò.

Màmá, ẹ wo àṣìṣe ọmọ yín. Omi tí kò dúró yẹn gan-an ni mo fi ń yangàn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n! Èmi tí mo ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti kékeré, tí omi yẹn á tutù sí mi lọ́rùn, tí n ó yínra padà, tí ẹ ó fi ìgúnpá gún mi níhà kí n dúró jẹ́ẹ́. Mi ò rántí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló gbà á lọ́kàn mi?

Nígbà tí mo pe dírẹ́tẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ká pa ti ìjọ tì, ká tà á fún òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ó sì bí mi nínú. Ṣé òtẹ́ẹ̀lì ni mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mọ ohun tí mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi òróró yàn yín, mo da kọfí sí sùtánà yín, ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ ní, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ tọ̀tún tòsì. Ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìjọ ló rí i láyà yín. Ẹ ò nà mí, ẹ ò bú mi, ẹ ò sì mẹ́nu bà á títí ẹ fi lọ. Ì bá sàn kí ẹ nà mí. Ṣé ẹ dárí jì mí ni, àbí ẹ kàn gbé e mì?

Lánàá mo gbé e jáde nínú àpótí. Kọfí náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé n ó rẹ òun náà sínú oògùn mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo rí i pé etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ torí gbígbo, etí apá náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ èjìká ṣì nípọn bí ìgbà tí wọ́n rán an. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ìsàlẹ̀ àti etí apá lẹ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo. Èjìká, ẹ kàn máa ń ṣàn án nínú omi ni, ti ara yín àti ti oníbàárà. Mo rò pé ó ń rẹ̀ yín ni! Ṣé torí omi àdúrà ni, Màmá? Mi ò béèrè rí.

N ó lọ lọ́la. N ó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n ti sùtánà, etí ìsàlẹ̀ àti etí apá nìkan la ó rẹ, ọwọ́ la ó sì fi rẹ ẹ́. Kó wà nínú ìwé. Dírẹ́tẹ̀ ti ní ẹ̀rọ àwọn kì í rẹ apá kan aṣọ dá apá kan sí. Bó bá kọ̀, n ó gbé bíírò mi padà sínú àpò, iṣẹ́ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn á sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo wọ sùtánà yín pẹ̀lú kọfí ẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo fẹsẹ̀ rìn dé ìjọ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Sámúẹ́lì. Alàgbà wọ́n omi sí mi léjìká. Omi náà wọlé. Ó tutù, Màmá, ó tutù dé eegun. Mo yínra padà, mo wá ń dúró de ìgúnpá yín.

Àárò yín ń sọ mí,
Ọmọ yín tó da kọfí.