Tíìmù Tí Fúnṣọ́ Ń Kọ́ Ní Oníkàn

Abúlé Ìdí-Ọsàn, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kẹjọ, 1974.

Fúnṣọ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù òjò yìí, mo sì kí ọ kú wàhálà Èkó. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí mọ́tò kọlù ọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún, kò ní í jẹ́ kí ó kọlù ọ́ láéláé. Ara tèmi le, àfi orúnkún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Àlùfáà tuntun tí wọ́n gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wàásù títí ọ̀sán fi ń pọ́n, a ò sì mọ bí a ó ṣe sọ fún un pé ebi ń pa wá.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní iṣẹ́ tuntun tí o gbà ni pé ò ń kọ́ àwọn oníṣòwò ní tíìmù, ní Oníkàn. Inú mi dùn débi pé n kò ka ìyókù kí n tó jáde síta. Ta ni kò mọ̀ pé Oníkàn ni pápá bọ́ọ̀lù wà? Mo sọ fún gbogbo abúlé pé ìwọ lò ń kọ́ àwọn ìyá oníṣòwò àti àwọn bàbá oníkùn ńlá ní bọ́ọ̀lù gbígbá. Wọ́n bi mí pé ṣé ṣòkòtò péńpé ni àwọn ìyá náà ń wọ̀, mo ní bí ìjọba bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò wọ̀ ọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Kóòṣì, mo sì ń dáhùn.

Gàníyù, dírẹ́bà tó ń kó gàrí wa lọ sí ọjà Sandgrouse ní Èkó, ló là mí lójú. Ó ní òun yọjú sí ọ, inú gbọ̀ngàn ni ẹ wà, kì í ṣe pápá, kò sì sí bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀. Ó ní bí ènìyàn ṣe ń bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìjà lò ń kọ́ wọn. Mo ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ. Èmi rò pé inú ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìyẹn, nídìí àwo ọbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ó ní àgbàlagbà tó ń ta irin ní Ìdúmọ̀tà jókòó sílẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń to páálí ìṣáná léra, bí ó bá sì wó, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún wọn pé wọ́n gbìyànjú. Fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà, mo wò ó títí. Ọkùnrin kan ń ṣubú sẹ́yìn, ó dijú, àwọn yòókù na ọwọ́ láti gbà á. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní wárápá ni, ó sì gbàdúrà fún ọkùnrin náà kí ó tó sùn. O kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pé ìfọkàntán ni ẹ ń kọ́. O kú iṣẹ́ o, olùkọ́.

Àmọ́ Gàníyù kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní òun dé ilé ìtẹ̀wé tí ìwọ àti Sámúẹ́lì ẹ̀gbọ́n rẹ jọ dá sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun sì rí i pé ẹ ti fi pákó là á sí méjì. Ó ní torí orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, bébà wà lọ́dọ̀ rẹ. Fáànù wà lọ́dọ̀ rẹ, súwíìṣì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, bí o bá ti húkọ́ lọ́nà tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á pa á. Ó ní ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ láti ọdún Àjíǹde, oníbàárà ni ẹ ń rán síra yín. Ara ilẹ̀kùn ibẹ̀ yẹn náà ni o wá lẹ ìwé gàdàgbà mọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ó wọlé wá.

Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀yìn náà ni inú bí mi. Ta ló tẹ ìwé náà fún ọ? Ṣé Sámúẹ́lì ni? Nígbà tí a fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ilé tí a bí yín sí, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ògiri. Ojú tì mí, Fúnṣọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Ojú ìyá rẹ ti burú. Ó ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, àná ló kí ewúrẹ́ pé ẹ káàárọ̀. Dókítà ní kí a tètè gbé e wá sí Èkó fún iṣẹ́ abẹ, bí a bá fi falẹ̀, ojú náà á fọ́. Mo ní kí ó dé sọ́dọ̀ rẹ, ó ní rárá. Mo ní kí ó dé sọ́dọ̀ Sámúẹ́lì, ó ní rárá, òun kò ní í dé sílé ọmọ kan kí òun fi èkejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, Gàníyù yóò gbé e sọ̀ ní ibùdókọ̀ CMS, ní Marina, ìyá rẹ yóò sì jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dá wá nínú yín, ó ní òun yóò padà sínú ọkọ̀ gàrí, òun yóò gbé ojú òun bọ̀ wálé bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́, o kúkú mọ ìyá rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi, ọmọ mi.

N kò kọ̀wé sí Sámúẹ́lì. Ìwọ olùkọ́ ni yóò fọwọ́ gbá pákó yẹn, kí o sì sọ fún un. Owó páànù tí mo ti ń béèrè, mo ṣì ń béèrè rẹ̀, àti ti bàtà tí kò ní í fún mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró di ìgbà tí ojú ìyá rẹ bá là.

Ọlọ́run yóò fi ọ̀rọ̀ tútù sí ọ lẹ́nu fún ẹ̀gbọ́n rẹ, yóò sì fi etí ìgbọ́ràn fún òun náà. Ẹ kò ní í pàdánù ara yín. Nígbà tí ẹ bá dé CMS, ẹ má kàn dúró síwájú rẹ̀ o. Ojú rẹ̀ kò lè dá yín mọ̀ mọ́, ohùn ni yóò fi mọ̀ yín, ohùn méjì ló sì ń retí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jóẹ̀lì Àrẹ̀mú.