Nítorí Oorun Ọ̀gá Kékeré

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọ̀gá Kékeré ọmọ rẹ ńkọ́? Àwa náà wà, ara bàbá rẹ le, ikọ́ rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́ràn. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ẹkún gba ìròyìn ara wa.

Àbọ̀ àsùnpọ̀ tí o béèrè nípa rẹ̀ ni pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ òru lórí ibùsùn tirẹ̀, kí ó wá parí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ìyà, kì í sì í ṣe àkẹ́jù. Nígbà tí mo ń gbẹ̀bí, mo máa ń sọ fún àwọn abiyamọ pé kí wọ́n fa ibùsùn ọmọ mọ́ tiwọn, kí ọwọ́ wọn lè tó o láìdìde. Fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, má dojú rẹ̀ délẹ̀. Kí ibùsùn náà le díẹ̀, kí ó má sí ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó nípọn nítòsí imú rẹ̀. Bí ó bá kùn, dúró ná, ọmọ a máa kùn lójú oorun bí àgbà ṣe ń hanrun, ẹni tó bá sì sáré dá a lóhùn, òun gan-an ló jí i. Bí àárẹ̀ bá pọ̀ jù lára rẹ, tàbí tí ọkọ rẹ bá mutí, má gbé e sáàárín yín rárá, kí ó wà láyè tirẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo gbọ́ pé o tòògbé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí abẹ́rẹ́ gún ọ níka, tí ọ̀gá rẹ sì ní bí o bá tún tòògbé, kí o kúkú máa lọ sùn nílé yín pátápátá. Iṣẹ́ kò sí níta báyìí. Ó yẹ kí ọmọ yìí sùn.

Ẹ̀rọ tí o gbé kọ́ sókè ibùsùn rẹ̀, tí a fi ń rí i nínú fóònù wa níbí, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bàbá rẹ ní fèrèsé ni wọ́n gé sínú fóònù náà, àti pé ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé onílé tí kò kí i, olè ni. Nítorí náà, ìgbàkígbà tó bá dìde lọ tọ̀ lóru, á tan fóònù, á kí Ọ̀gá Kékeré pé ó kú oorun, ó kú ìsinmi, ṣé ara le, á wá wúkọ́ lé e. Ọmọ á sì figbe ta. Bàbá rẹ á ní ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ojú oorun ló ti ń dáhùn ìkíni.

Ó ṣe mí ní kàyéfì, mo bi ẹni tó ń bá wa gba iná sí fóònù. Ó ní ibi tí bàbá rẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fóònù yẹn ló ń gbé ohùn lọ sọ́dọ̀ yín. Ó ní ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń jí ọmọ ọlọ́mọ, Màmá? Mo ní ọmọ ọlọ́mọ kọ́, ọmọ wa ni. Nípa ti ikọ́ bàbá rẹ tí o ní o ń gbọ́ lójú àlá, tí ẹ̀rù fi ń bà ọ́, má bẹ̀rù mọ́. Òun náà ni.

Mo sọ fún bàbá rẹ pé kí ó máa kí ọmọ sínú. Ó ní kíkí sínú kì í ṣe kíkí, èrò ni, òun kò sì lè dé ilé ọmọ òun kí òun ya odi. O mọ̀ ọ́n.

Bí owó bá yọ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ikọ́ àti dátà. Bàbá rẹ ní kí dátà ṣáájú.

Ọlọ́run yóò fi oorun ayọ̀ kùn ọ́ lójú. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ rẹ yóò sùn, yóò jí, yóò sì dàgbà lójú wa.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Lálẹ́ òní, kí o tó tẹ́ ọmọ, wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn lára ẹ̀rọ náà, kí o pa á. Ohùn nìkan o. Má pa àwòrán.