Lẹ́ńsì Tí Yóò Kó Ìyá Àgbà àti Ẹnu Ọ̀nà Pọ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Nofẹ́ńbà 2025

Ìyá Àgbà ti gbà. Wólímọ́tù rẹ̀ di ọjọ́ Àìkú, 23, nínú pálọ̀ ilé ẹbí wa níbí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò fẹ́ kánópì lójú títì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Kùránì — mo ń yangàn káàkiri bíi pé èmi ni mo kà á.

Èmi ni n ó ya fídíò. Àṣẹ méjì ló pa. Ọ̀kan: kò gbọdọ̀ sí fíláàṣì, kò gbọdọ̀ sí iná kankan, nítorí ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Èkejì: òun àti ẹnu ọ̀nà kọ̀rídọ̀ gbọ́dọ̀ jọ hàn pọ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ló máa ń dúró sí ní kékeré, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ń kéwú nínú pálọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé omi wọlé, kó sì tètè jáde.

Pálọ̀ há, ó sì ṣókùnkùn. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà mi wá kò lè ṣe é. Mo ti gbìyànjú — òkùnkùn biribiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo lọ bá Tàófíìkì ní Oníkan, òun ló ń yá àwa onífọ́tò ní lẹ́ńsì. Ó ní, "Qaanitah, zoom ò lè gbà ẹ́ níbẹ̀ o. Prime ni kó o mú, èyí tí kì í sún, wide, tó ń kó ibi tó fẹ̀, one-point-eight. Ìyẹn á rí ìmọ́lẹ̀ gbà dáadáa." Ó gbé méjì síwájú mi, mìlímítà márùndínlógójì àti ogún. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Márùndínlógójì ni Arẹwà, torí ojú ènìyàn máa ń dára nínú rẹ̀. Ogún ni Gbogbo-Ilé, torí kò sí ohun tí kì í kó.

Ó ní kí n dán méjèèjì wò, kí n dá ọ̀kan padà ní Jímọ̀.

Ọjọ́rú, 12

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri tó kọjú sí i. Arẹwà ni mo kọ́kọ́ fi yà á. Áà! Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Ẹ̀rín rẹ̀, ilà ojú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ẹnu ọ̀nà náà hàn, ó kàn ku díẹ̀ kó pé.

Gbogbo-Ilé kó fèrèsé, àjà, ẹnu ọ̀nà, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n Lùkúmọ̀n, àbúrò mi, tó dúró sí etí àwòrán — orí rẹ̀ gùn bí ìbẹ́pẹ. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá báyìí ni orí tòun náà yóò ṣe gùn. Mo ní ẹni tó bá wà láàárín kì í yí padà. Ó ní kí n búra.

Ọjọ́bọ̀, 13

Arẹwà ni. Mo ti pinnu.

Jímọ̀, 14

Ojú tì mí. Àǹtí Ganiat, àbúrò màmá mi, ló bi mí ibi tí n ó dúró sí. Mo nawọ́ sí ògiri yẹn. Ó wò mí. "Ibi táwọn Àfáà máa jókòó sí? Àárín wọn lo fẹ́ dúró sí ni?"

Ta ni kò mọ̀ pé iwájú oníwólímọ́tù ni ti àwọn Àfáà? Èmi tí wọ́n bí sínú ilé yìí! Mo wọn pálọ̀ bí ẹni pé àlejò kankan ò ní wá. Àyè kan ṣoṣo tó kù fún mi ni orí ẹní, lẹ́sẹ̀ Ìyá Àgbà. Láti ibẹ̀, imú rẹ̀ nìkan ni Arẹwà yóò rí.

Mo dá Arẹwà padà. Ó dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ó ti parí, àlùhàmúdùlíláì. Pálọ̀ kún fọ́fọ́. Mo jókòó sún mọ́ Ìyá Àgbà débi pé ejìká mi ń kan orúnkún rẹ̀. Síbẹ̀ Gbogbo-Ilé kó wọn: òun nínú aṣọ funfun, ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan. Orí rẹ̀ ò gùn rárá.

Ó ń ka súrà Lámú Yakúnì, ó ń lọ geere. Lójijì ó dákẹ́. Àwọn Àfáà rò pé ó ń mí ni. Èmi tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ń wá mi. Èmi tí mo sá kúrò nílé-kéwú láì parí! Kí n tó mọ̀, mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó kàn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó gbà á lẹ́nu mi, ó ń bá a lọ. Mo sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ohùn mi hàn ketekete nínú fídíò. Àǹtí Ganiat ní kí n gé e, káyé má baà ní ìyá òun ò mọ̀ ọ́n kà. Mo gé e. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo fi fídíò náà han Ìyá Àgbà. Nígbà tó débi tí mo gé, ó ní kí n dá a dúró. "Qaanitah, ohùn ẹ dà?"

Mo ní mo gé e ni, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ gbàgbé.

Ó ní òun gbàgbé lóòótọ́. Ó fi ìka kan ẹnu ọ̀nà nínú àwòrán. Ó ní bí òun bá tún ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n òun ń kà pè níbẹ̀ yẹn ní kékeré, tí wọ́n sì gbọ́, lílé ni wọ́n ń lé òun. Kò sẹ́ni tó rán òun létí rí. "Fi ohùn ẹ síbẹ̀."

Mo dá ohùn mi padà síbẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló bi mí ọjọ́ tí wólímọ́tù tèmi yóò jẹ́. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n gbé Kùránì wá, kí n jókòó.