Pátákó Tí Ẹ Rì Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà Gamsboden

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
Innerlahn, Tirol,
Austria.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìlú,
Ilé Ìgbìmọ̀,
Innerlahn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ IRỌ́ TÍ WỌ́N PA MỌ́ KRESZENZ RAUTH, ÀTI ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ Ẹ YỌ PÁTÁKÓ TÍ Ẹ FI DÍ WA LỌ́NÀ

1. Èmi, Ottilie Prantner, ẹni àádọ́rin ọdún, ni mo ń kọ̀wé yìí lórúkọ àwa mẹ́sàn-án tí à ń gun òkè lọ sí ilé Gamsboden, ilé oúnjẹ tó wà lórí òkè, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ìgbà òtútù. Ọdún mọ́kànlélógún la ti ń ṣe é. Aago mẹ́sàn-án la máa ń gbéra. A ó fi okùn fa sílẹ́ẹ̀jì onígi wa gòkè fún wákàtí méjì àbọ̀, a ó jẹun ọ̀sán lọ́hùn-ún, a ó sì jókòó lé sílẹ́ẹ̀jì yọ̀ lórí yìnyín wálẹ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Opó pọ̀ nínú wa. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Kò sí kọ́nà kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi tàn mí jẹ.

2. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní, a kúrò ní Gamsboden ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Oòrùn ràn, yìnyín sì le dáadáa. Kreszenz ló ṣáájú, nítorí òun ló mọ sílẹ́ẹ̀jì í darí jù nínú wa. Èmi ni mo tẹ̀ lé e, Walburga Mair sì jókòó sẹ́yìn mi, ó di ìbàdí mi mú. Ní kọ́nà kẹta, níbi tí igi ti bo ojú ọ̀nà, katakata tí òtẹ́ẹ̀lì tuntun fi ń kó àlejò lórí yìnyín yọ sí wa láti ìsàlẹ̀. Kò fọn fèrè. Ó gba ọ̀nà tán.

3. Mo bẹ̀ yín, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kreszenz ì bá ti fò bọ́ sílẹ̀ lórí sílẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kó sì lọ láìfarapa. Kò fò, torí ó mọ̀ pé àwa méjì ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ó yíjú padà, ó pariwo pé, "Ottilie, fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́! Ọkọ̀ rèé!" Nígbà tó fi máa kọjú síwájú, ibì kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà, ìyẹn òkìtì igi gẹdú tó wà lápá òsì. Ibẹ̀ ló darí sí. Èmi àti Walburga dúró, mítà kan àbọ̀ péré ló kù ká wọ abẹ́ katakata. Mo gbọ́ bí egungun Kreszenz ṣe dún.

4. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Sílẹ́ẹ̀jì mi ńkọ́? Ṣé ó kán?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ló kán, ìwọ obìnrin yìí!"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ á jinná. Bàbá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe sílẹ́ẹ̀jì yẹn. Bá mi wò ó."

Ó ti fọ́ yángá. Mo sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Awakọ̀ katakata, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Roman, sọ̀kalẹ̀, ó sáré wá bá wa. Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n tètè kó àwọn àlejò gòkè ni, pé oúnjẹ wọn á tutù." Èmi kò bá Roman ṣẹjọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù ọrùn rẹ̀ fi bo Kreszenz, ó sì kúnlẹ̀ tì í títí hẹlikópítà fi dé.

5. Òfin tí Ìgbìmọ̀ yín ṣe ní ọdún 2011 ni pé katakata kankan kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà Gamsboden láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ìròyìn tí akọ̀wé yín fọwọ́ sí lórí ìjàǹbá náà kò mẹ́nu ba aago rárá. Ohun tó kọ ni pé ọtí ń pa obìnrin náà.

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé irọ́ ni. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé tí ọkọ Kreszenz mutí yó, tó ṣubú sódò nígbà tó ń bọ̀ wálé, tó sì kú síbẹ̀. Ẹ wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kódà bí Kreszenz bá jẹ ṣokoléètì tó ní ọtí nínú, ṣe ló máa ń tu ú dànù. Tíì ló mu lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rí ẹni tó ń bójú tó ilé Gamsboden wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti ilé ìwòsàn náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mutí, èmi rèé. Ife kékeré méjì ni mo mu, Walburga mu ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ tèmi sílẹ̀. A kò dé akoto pẹ̀lú, àṣìṣe wa nìyẹn, a sì ti ra mẹ́sàn-án báyìí.

Ọmọbìnrin Kreszenz tó wà ní Linz ka ìròyìn yín. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Kreszenz gbé fóònù sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, kò sunkún.

7. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, ẹ rì pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ gòkè kò gbọdọ̀ fi sílẹ́ẹ̀jì sọ̀kalẹ̀ mọ́, nítorí ààbò. Mo dúró tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Katakata kọjá nígbà mọ́kànlá láàárín wákàtí tí òfin kà léèwọ̀. Àwọn àlejò tó wà nínú rẹ̀ ń gba sílẹ́ẹ̀jì lókè, wọ́n sì ń yọ̀ wálẹ̀ kọjá lójú mi. Ẹni tí wọ́n gbé gòkè lè yọ̀ wálẹ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé ààbò tó wà nínú ìyẹn fún mi.

8. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ọjọ́ kẹrin oṣù yìí. Ẹ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ní, "Màmá Ottilie, ṣé ẹ ò rí nǹkan míì ṣe ni? Ẹ lọ máa hun ìbọ̀sẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo ti hun ìbọ̀sẹ̀. Òun ni mo wọ̀ wá sí ìpàdé náà, òun náà ni mo máa wọ̀ gòkè.

9. Nítorí náà, a ń béèrè pé kí ẹ tún ìròyìn náà kọ, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ìpàdé tó ń bọ̀, pé Kreszenz Rauth kò mutí àti pé òun ló gba ẹ̀mí ènìyàn méjì là. Kí ẹ fi òfin aago tí ẹ fúnra yín ṣe mú òtẹ́ẹ̀lì náà. Kí ẹ sì yọ pátákó yẹn.

10. Bí pátákó náà bá ṣì wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, lójú gbogbo ayé. A kò ní gba ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Vigil Mair, ọlọ́pàá ìlú yìí, ti sọ pé dandan ni kí òun kọ orúkọ wa sílẹ̀. Walburga, tó jẹ́ ìyá rẹ̀, ti ní kó mú bírò méjì dání, torí òtútù máa ń mú yíǹkì dì.

Àwa mẹ́jọ la máa gòkè. Kreszenz kò tíì lè rìn. Ó ní ká gbé àga àti kúbùsù òun sí àárín ọ̀nà, níwájú pátákó yín, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́rin. Katakata tó bá fẹ́ kọjá, kí ẹni tó wà á sọ fún un pé kó dìde. Kò lè dìde.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín tí kò ní sinmi,

Ottilie Prantner,
Olùpín Lẹ́tà Tó Ti Fẹ̀yìn Tì,
Olórí Ẹgbẹ́ Agunkè Ọjọ́bọ̀, Innerlahn.