Odò Gba Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara ọkọ rẹ le? Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ ní ìlú ńlá yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbé e ṣubú. Ara tèmi le, ara ìyá rẹ náà le, ó ní kí n kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ àròyé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, odò ààlà wá ya ọ̀nà tuntun, ó gba àárín ilé wa àti ilé ìwẹ̀ kọjá. A sùn sí orílẹ̀-èdè tiwa, a jí sí ti òdìkejì, láì kúrò lórí ibùsùn. Ìyá rẹ ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó lè lọ wẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni fóònù mi dún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè wa. Inú mi dùn pé Ààrẹ wọn tètè gbọ́. Mo fèsì pé a dúpẹ́, ẹ kú ilé, a ò ní pẹ́ níbí. Kò tíì dáhùn, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn awọnlẹ̀ kó ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, ọ̀gá kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba tiwa, ọ̀gá kan láti ọ̀dọ̀ tiwọn. Wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì wa, wọ́n ní odò ni ààlà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo sì là á yé wọn pé odò inú bébà kì í ṣàn, ìyẹn ni kò fi mọ̀ pé tiwa ti ṣí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orílẹ̀-èdè tí mo wà. Mo kọ ọ́ pé mo wà nílé.

Àṣé ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn ju ilé lọ. Orí òkè kékeré tí ilé wa wà yìí, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ń rí gbogbo ọ̀nà tó lọ sí etíkun. Ọ̀gá tiwọn ní àwọn yóò kó ṣọ́jà síbẹ̀. Ọ̀gá tiwa ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn yóò ti ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Ọ̀gá tiwọn ní kò burú, àwọn ló wà lókè odò, àwọn yóò sé omi. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti di ti ogun. Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó ife omi tó gbé fún wọn kúrò lórí tábìlì.

Mo ní kí àwọn ọ̀gá méjèèjì jọ̀ọ́ wọ ọkọ̀ mi. Ogójì ọdún ni mo ti ń tukọ̀ lórí odò yìí, kò sí ibi tó fi pamọ́ fún mi. Ọ̀gá tiwọn ní ibi tó bá wu àwọn làwọn lè gúnlẹ̀ sí. Mo ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ gbé e mì dé itan, èmi àti ọ̀gá tiwa la jọ fà á jáde, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àgbàlá wa nìkan ni ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sí. Mo tún fi tírélà àwọn ará òdìkejì tó ń lọ sí etíkun hàn wọ́n, wọ́n tò sétí odò láti ọjọ́ tí omi ti gé ọ̀nà, tòmátì ń rà nínú wọn, mo sì fi oko àwọn ará wa hàn wọ́n nísàlẹ̀, tí kò lómi míì ju èyí tó ń ṣàn bọ̀ látọ̀dọ̀ wọn. Mo wá ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Òkun wà lọ́wọ́ wa, omi wà lọ́wọ́ yín. Bí ṣọ́jà bá gba àgbàlá mi, ta ni yóò jẹun nínú yín?"

Ọ̀gá tiwọn ń nu ẹrẹ̀, ọ̀gá tiwa bá a mú ìbọ̀sẹ̀ dání. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú odò àtijọ́ tó ti gbẹ ni ààlà yóò wà, ṣọ́jà kankan ò ní dé òkè wa, ọkọ̀ ìhà méjèèjì ni yóò sì máa gúnlẹ̀ sí àgbàlá wa.

Ní ìparí oṣù, wọn yóò wá ri òpó ààlà, èmi sì ni ẹlẹ́rìí tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Nítorí náà, fi owó jígí ojú ránṣẹ́ sí mi, kí n lè ka lẹ́tà wínníwínní inú ohun tí mo ń fọwọ́ sí, kí n má lọ fi ọwọ́ ara mi ta ilẹ̀ bàbá mi. Má fi gba inú fóònù o, fóònù yìí kò tíì mọ ìlú tó wà, ó lè kó o fún wọn lọ́hùn-ún. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fún. Ìyá rẹ ní kí o fi ọṣẹ kún un.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ilé tí o bá wọ̀ yóò tù ọ́ lára, a ó sì fojú ayọ̀ rí ara wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
ẹlẹ́rìí ìjọba méjì.