Àtẹ̀gùn Mẹ́fà Ẹnu Ọ̀nà Mi

Orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí wà nínú fáìlì lọ́ọ́yà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ níbí ni Bàbá Alátẹ̀gùn, bíríkìlà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Apá àti ẹsẹ̀ òsì mi ti rọ, ṣùgbọ́n orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ìwé yìí ni ìhágún mi ìkẹyìn. Lọ́ọ́yà mi àti ọ̀rẹ́ mi káfíńtà ni yóò mú un ṣẹ.

1. Òòlù ńlá mi, okùn ìwọ̀n mi àti ṣọ́bìrì méjèèjì di ti àkọ́bí mi ọkùnrin, tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kó má fi ìwọ̀n mi ṣiṣẹ́. Ìdajì ojúgun mi ni mo fi ń wọn gíga àtẹ̀gùn ní gbogbo ilé tí mo kọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ojúgun ta ni.

2. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta di ti àbúrò mi obìnrin. Mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn ń tì mí. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn mẹ́fà ẹnu ọ̀nà mi wọ pálọ̀ lọ jẹ kọ́tìnì, nígbà tí ọmọ tí mo bí jókòó síta.

3. Aago ọwọ́ mi di ti káfíńtà, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá mọ́tò tó gba ẹsẹ̀ ọmọ mi obìnrin, aránṣọ, káfíńtà yìí ló gbé pákó méjì wá láti tẹ́ sórí àtẹ̀gùn fún àga onítáyà rẹ̀. Mo da pákó náà sí títì lójú èèyàn, mo ní ó fẹ́ ba ojú ilé mi jẹ́. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti káfíńtà ò fi kí ara wa kí a tó parí ìjà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà méjèèjì ni mo ní kí wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n gbé e, aṣọ rẹ̀ ká sókè lójú àlejò. Ó ní, "Bàbá mi, èmi kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì. Ilé tí mi ò bá lè fúnra mi wọ̀, mi ò ní wọ̀ ọ́ mọ́." Mo ní alágídí ni, bí ẹni pé ibòmíràn ló ti kọ́ àgídí.

4. Ogójì àpò sìmẹ́ńtì tó wà ní àgbàlá, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tí mo kọ́. Mo máa ń rí àwọn aláboyún tí wọ́n ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn kẹta. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

5. Ilé mi di ti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dọ́gbadọ́gba. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin wa ń wá lójoojúmọ́, ó ń gbójú sókè sí fèrèsé, wọ́n ń pariwo bára wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ará orí igi sọ̀rọ̀. Iyanrìn wà nílẹ̀, ọwọ́ mi sì le nígbà náà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyàwó mi kú láìfọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò tíì fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan.

6. Yàrá irinṣẹ́ ni èmi náà ń sùn báyìí, nítorí mi ò lè gun àtẹ̀gùn mi. Àkọ́bí mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wó àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ Ajé, kó fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àga onítáyà àbúrò rẹ̀ ni kó fi wọn ọ̀nà tuntun náà. Bí mo bá ṣaláìsí kó tó parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka ìwé yìí nínú ilé tí àbúrò rẹ̀ kò tíì lè wọ̀.

7. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà di ti ọmọ mi obìnrin nìkan. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, kó lọ sí yàrá ìyá rẹ̀, kó pẹ́ níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dúró síta dè é.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi tó kù buwọ́ lù ú, ní yàrá irinṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2025.

Bàbá Alátẹ̀gùn

Ẹlẹ́rìí: Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi
Ẹlẹ́rìí: Fọganáísà òdìkejì títì, tó ń fún táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ní atẹ́gùn